Ti Ọrùn Rẹ̀ Là Á Wò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ó yẹ kí Kristẹni tó fẹ́ jèrè ọkàn ro òwe yìí dáadáa kó tó gbé Bíbélì jáde nílé. Ìrònúpìwàdà ni aṣọ tí à ń pín fáráyé. Bó bá jẹ́ àkísà ló wà lọ́rùn àwa fúnra wa, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ wa?

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Lóṣù kẹwàá ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Odò-Ọwá kan, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ń wa róólà tí ń tẹ títì fún ìjọba lọ́nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí Ìkejì-Arákejì, níbi tí yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà lónìí. Ó tún un ṣe títí, kò dá a lóhùn. Ó ní ibẹ̀ lòun ti gbọ́ ohùn tó pe òun síṣẹ́ ìwàásù. Ó sì fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, tòun ti owó oṣù tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá kiri.

Nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ nípa ìwàásù rẹ̀ lÓkè-Ooyè, Iléṣà, lóṣù keje ọdún 1930, èrò ń wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ń kó oògùn, oǹdè, ìfúnpá àti òrìṣà wá sí gbangba kí iná lè jó wọn. Lọ́dún 1932, wọ́n rán Babalọlá lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Ó ṣe é tán, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ìwàásù, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní Ẹdẹ lọ́dún 1959. Ẹni tó ní káwọn èèyàn ju ohun tí wọ́n gbójú lé nù ti kọ́kọ́ ju tirẹ̀ nù. Ìyẹn ni wọ́n rí lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sórí ara wa. Àbẹ̀rẹ̀, létí Òṣogbo, ni sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń jẹun nídìí iṣẹ́ ọ́fíìsì, níbẹ̀ tàbí níbòmíràn. Ká ní òṣìṣẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ darí àdúrà òwúrọ̀ Mọ́ńdè tán ni, tí ohùn rẹ̀ ti há. Bàbá olùkọ́-fẹ̀yìntì kan wọlé, ó ti jí kúrò ní Iléṣà láfẹ̀mọ́júmọ́ nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ní, “Bàbá, fáìlì yín ò tíì sọ̀ kalẹ̀ o. Ẹ ò wá nǹkan fáwọn ọmọ ni?” Bàbá ki ọwọ́ sápò, ó ka owó tí yóò fi wọkọ̀ padà, ó yọ díẹ̀ níbẹ̀. Bí bàbá yìí bá jẹ́ Mùsùlùmí, tàbí ẹni tó ń bọ Ọ̀ṣun, ìwàásù wo la tún fẹ́ ṣe fún un lọ́jọ́ Ìsinmi? Ó ti gbọ́ tiwa láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Nítorí náà, bí a bá ń sunkún, ká máa ríran. Ẹkún níwájú pẹpẹ dára, àmọ́ ká fi ojú tó ń sunkún yẹn wo ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Má ṣe sọ fún Ọlọ́run pé kó dárí “gbogbo ẹ̀ṣẹ̀” jì ọ́, kó o sì dìde. Dárúkọ wọn: owó tí o gbà lọ́wọ́ opó, ilẹ̀ àbúrò rẹ tí o tà, irọ́ tí o pa mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ kó má baà gba ìgbéga. Lẹ́yìn náà, dá ohun tó ṣeé dá padà padà. Sákéù agbowó-orí Jẹ́ríkò kò dúró lórí ayọ̀ nìkan. Ó ní òun yóò san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun rẹ́ jẹ. Bí ẹni tó ni ín bá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ. Bó bá jẹ́ tìjọba ni, àpò ìjọba ni kó padà sí, kì í ṣe àpótí ọrẹ. Bí o bá sì lọ tọrọ àforíjì, má wí pé “bí mo bá ṣẹ̀ yín”. O mọ̀ pé o ṣẹ̀ wọ́n.

Ìgbà yìí lo tó lè kọjú sí aládùúgbò rẹ. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Òṣogbo tí à ń wí yìí, mọ́ṣáláṣí ń bẹ níbẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005 náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sójú fèrèsé wọn láago márùn-ún ìdájí, tó ń bú ohun tí bàbá wọn sìn, kò tíì wàásù Jésù fún wọn. Ó kàn já wọn lójú oorun ni. Rántí pé lÓkè-Ooyè, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kó oògùn wọn jáde. Má bá onílé wọ yàrá lọ kó tiẹ̀. Bá wọn ṣèsọmọlórúkọ, bá wọn sìnkú, san gbèsè wọn lásìkò. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ohun tó yí ọ padà, má tijú, má sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: sọ fún wọn pé Jésù ni, kó o sì sọ ohun tó mú ọ dá ohun olóhun padà. Bí wọn kò bá tíì gbà, aládùúgbò rẹ ṣì ni wọ́n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí orúkọ ẹnì kan ti sọ sí ọ lọ́kàn. Tọ ẹni náà lọ kí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó pé, kó o tó tún dá orin fún ẹnikẹ́ni.