Ẹnu Ẹni La Fi Ń Kọ "Mi Ò Jẹ"

Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti kóòtù, ẹnu wa a wọ, a ní àfi lọ́yà. Lọ́yà kì í sì í ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ọlọ́jà Alábà tí wọ́n jẹ ní ₦400,000, tí lọ́yà wá béèrè ìdajì rẹ̀ kó tó ká ìwé kalẹ̀, yóò ṣírò rẹ̀ lọ, ṣírò rẹ̀ bọ̀, yóò fọwọ́ lẹ́rán. Ẹlòmíràn á wọ tẹ́ṣàn lọ, á ní kí ọlọ́pàá bá òun gbé onígbèsè. Ìyẹn ló burú jù, nítorí Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020, ní abala 32, sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn tìtorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Onígbèsè tó bá gbọ́n lè yí ẹjọ́ náà padà, kí ẹni tó ń béèrè owó di ẹni tí wọ́n ń béèrè owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì. Oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ẹ̀ka kan lábẹ́ kóòtù Májísíréètì, tí wọ́n ń pè ní Small Claims Court, fún owó tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Owó tó ní iye pàtó ni o: ọjà àwìn, owó yíyá, owó iṣẹ́ tí a ti ṣe tán. Ẹni tí wọ́n bú ní gbangba, ibi tirẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìlànà ibẹ̀ fàyè gba olówó láti wá ro ẹjọ́ ara rẹ̀, kódà ilé-iṣẹ́ lè rán ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá láìmú lọ́yà dání. Àmọ́ ẹ má rán àbúrò tàbí pásítọ̀ yín pé kó lọ bá yín sọ ọ́. Ẹni tí kì í ṣe lọ́yà kò lè gbẹnu sọ fún ẹlòmíràn ní kóòtù.

Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé ìbéèrè owó sí onígbèsè, wọ́n sì ní fọ́ọ̀mù rẹ̀, SCA 1. Ká ní ìyá kan ní Okokomáíkò gbé ànkárá ₦600,000 fún oníbàárà rẹ̀ láwìn, tí onítọ̀hún san ₦120,000, tó wá dákẹ́. Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé ìyá yìí kò ju ọjọ́ tó gbé ọjà, iye ọjà, iye tó ti wọlé, ₦480,000 tó kù, àti ọjọ́ tó fẹ́ gbà á. Èpè kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Kó tọ́jú ẹ̀dà kan, kó sì ní ẹ̀rí pé ìwé náà dọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ sí. Bí kò bá sí èsì, ó di fọ́ọ̀mù ìpẹ̀jọ́, SCA 2, lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù. Ẹ ó san owó ìfẹjọ́sílẹ̀, béélífù á sì gbé ìwé ìpè lọ. Ọjọ́ 7 ni ìlànà fún béélífù, ọjọ́ 7 ni fún olùjẹ́jọ́ láti fèsì, ìdájọ́ sì gbọ́dọ̀ jáde láàárín ọjọ́ 60. Orí ìwé nìyẹn o. Onígbèsè tó ń kó láti ilé dé ilé ò mọ ìlànà, nítorí náà ẹ mọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dájú kí ẹ tó lọ.

Inú fóònù ni ẹ̀rí pọ̀ sí lóde òní. "Ẹ má bínú mà, màá san án lópin oṣù": gbólóhùn WhatsApp yẹn tó owó. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn na fóònù sí adájọ́. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, abala 84, fẹ́ kí ohun tó bá tinú ẹ̀rọ jáde ní ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn. Kí ẹ wá kọ ìwé mìíràn tó sọ irú fóònù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ lò, pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Lọ́yà pàápàá ti kọsẹ̀ níbí rí.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Adájọ́ kò fẹ́ mọ̀ pé oníbàárà yẹn gba ọmọ-iṣẹ́ yín lọ, tàbí pé ẹ̀yin lẹ se ìrẹsì ọjọ́ ìkómọ rẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń há yín lẹ́nu, ẹ béèrè ògbufọ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá kàn yín láti bi ẹnìkejì ní ìbéèrè, ẹ má bá a jà. Ẹ bi í pé: "Ṣé nọ́ńbà yín nìyí? Ṣé ẹ̀yin lẹ fi ₦120,000 yìí ránṣẹ́? Kí lẹ san án fún?" Kí ẹ wá jókòó.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n pè lẹ́jọ́ ńkọ́? A máa ń sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òótọ́ ni, abala 36 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 sì fún tọ̀tún-tòsì lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ìwé ìpè tán, tí ẹ tì í sábẹ́ ìrọ̀rí, adájọ́ lè gbọ́ tẹnìkan kó sì dá a, kò sì ní di òṣìkà. Ẹ lọ. Bí ẹ bá jẹ owó náà lóòótọ́, ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ gbà, kí ẹ bẹ̀bẹ̀ láti máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ti ilẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá dúró níwájú adájọ́ lórí ilẹ̀ ẹbí ní Ìbà tàbí Ọ̀jọ́ ń fi ara rẹ̀ wéwu. Kó wá lọ́yà, bí owó ò bá sì sí, kó lọ sọ́dọ̀ Legal Aid Council tàbí Office of the Public Defender. Ti ilé gbígbà lè sàn díẹ̀. Ayálégbé ọlọ́dọọdún tí kò bá onílé ṣàdéhùn mìíràn, ìwé oṣù 6 pé kó kó jáde ló tọ́ sí i lábẹ́ òfin ayálégbé Èkó ti ọdún 2011, ó sì lè fẹnu ara rẹ̀ béèrè pé níbo ni ìwé náà wà.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì fẹ́ máa bá ẹni náà tajà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Citizens Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 1999. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń parí ìjà.

Kí ẹ sì mọ̀ pé ìdájọ́ kì í ṣe owó. Bí ẹni tó jẹ̀bi bá kọ̀ tí kò san, ẹ̀yin lẹ máa padà lọ bẹ kóòtù kó gba dúkìá rẹ̀, tàbí kó pàṣẹ fún báńkì rẹ̀ kó san án. Rìsíìtì owó tó ti fi ránṣẹ́, bíi ₦120,000 oníbàárà ìyá yẹn, ni yóò sọ báńkì tó ń lò. Ọdún 6 péré ni òfin Èkó fi sí ẹjọ́ gbèsè àdéhùn. Bí tiyín bá ti wọ ọdún karùn-ún, ẹ kọ SCA 1 lọ́sẹ̀ yìí.