Ẹ̀KỌ́ FÚN ẸGBẸ́ AKỌRIN: ETÍ LA FI Ń KỌRIN

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 16:14–23, Jóòbù 2:11–13

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀fun ni akọrin nílò jù. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún ibi tí a kà yẹn wò dáadáa. Nígbà tí ẹ̀mí búburú ń da Sọ́ọ̀lù láàmú, Dáfídì mú dùùrù, ó fi ọwọ́ rẹ̀ ta á, ara sì tu ọba. A ò kà á níbẹ̀ pé ó wàásù fún un. A ò kà á pé ó bi í léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. (Ẹ má sì gbàgbé pé Sọ́ọ̀lù kan náà ló padà ju ọ̀kọ̀ sí i ní orí 18. Orin kì í ṣe oògùn tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.)

Èdè wa yìí fúnra rẹ̀ ń bèèrè etí. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì mú ohùn orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n to ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí rẹ̀, ohùn ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọrin ọkọ̀ ìgbàlà, ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè iṣu ló ń fi kọrin! Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí ní 1855, fetí sí orin tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ń kọ, ó sì fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ ṣe orin ìjọ. Ní 1922 ó kọ orin tó ju 40 lọ sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ ọ́gáànù ní kàtídírà Marina l'Ékòó, tilẹ̀ kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Nínú Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run, tí Wòlíì S. B. J. Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947, inú ẹ̀mí ni wọ́n ti ń gba orin. Ẹni tó wà nítòsí ní láti gbọ́ ọ dáadáa kó tó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bí olùgbọ́ bá sùn, orin lọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ní ẹkùn Tchaourou wa yìí, ilé kan náà lè sọ Ṣábẹ̀, kó sọ Bàrùbá, kó tún gbọ́ Fúlàní. Ní ọdún kan, lásìkò iṣu tuntun, arábìnrin kan tó jẹ́ Bàrùbá pàdánù ọmọ rẹ̀ kékeré. Ó wá sí ìsìn àìsùn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Èmi olórí akọrin ní kò yẹ kí ìbànújẹ́ wọ ilé Ọlọ́run. Mo bá dá orin ayọ̀ sílẹ̀, ìlù ń dún, agogo ń dún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dáhùn. Mo mà rò pé mo ń tù ú nínú ni o! Arábìnrin náà fi ìborùn bo etí.

Ìyá àgbà kan dìde. Kò bá mi jà. Ó fi ọwọ́ lé awọ ìlù, ìlù dákẹ́. Ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ nǹkan kan. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe irú èyí fún ọjọ́ méje, ó sì dára. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Nígbà tó yá, arábìnrin bẹ̀rẹ̀ sí sunkún bí àwọn ìyá rẹ̀ ṣe ń sun ún, ó ń pe orúkọ ọmọ. Màmá kò gbọ́ Bàrùbá tó bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹkún ló ń tẹ̀ lé, ó ń kùn ún lábẹ́nu. Àwa náà bá a kùn ún. Kò sẹ́ni tó lu nǹkan kan títí ilẹ̀ fi mọ́.

Inú ohùn yẹn ni a ti rí orin tí a máa ń kọ fún ọlọ́fọ̀ báyìí. Èmi ni mo to ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ kan sí i ní Bàrùbá, pẹ̀lú orúkọ ọmọ náà. Kí a tó kọ ọ́ nínú ìjọ, mo gbé e lọ bá arábìnrin náà nílé. Ó ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ fún un. Ó ní kò tọ́, ohùn mi ti yí orúkọ ọmọ òun padà. Mo bá jókòó. Ó pè é, mo pè é, ó ní rárá. Ẹ̀ẹ̀meje ló pè é kí etí mi tó gbà á.