Ajá Tí Gbogbo Ènìyàn Ń Bọ́, Tí Ẹnì Kankan Kò Ni

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn Akan ń pè é ní ɔkraman, àwọn Ewe ní avu, àwọn Hausa ní kare, àwa Yorùbá sì ní ajá. Nínú gbogbo wa tí a ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá sí kọ́lẹ́jì yìí, kò sí ẹni tí kò mọ ajá láti kékeré. Síbẹ̀, bí mo bá béèrè pé ta ni alájá, ìdáhùn wa kò ní jẹ́ ọ̀kan. Ṣé ẹni tí ó rà á ni, tàbí ẹni tí ń fún un lóúnjẹ, tàbí ẹni tí ó ń sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Ẹ má ṣe rò pé ìbéèrè yẹpẹrẹ ni. Ẹ̀mí àwọn ọmọ tí a ó máa kọ́ wà nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń kíyè sí ajá jù lọ ni Anloga Junction ní Kumasi, ní ojú ọ̀nà tí ó ti àárín ìlú lọ sí Yunifásítì KNUST. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ pẹ́ yóò rántí àwọn káfíńtà àti àwọn tí ń ta pákó, kí a tó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ sí Sokoban ní nǹkan bí ọdún 2009. Níbikíbi tí a bá ń to ọjà sí ìta, a ń fẹ́ ajá nítorí olè. Ọ̀kan á wà lábẹ́ tábìlì káfíńtà, òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tí ń ta kenkey. Awakọ̀ trotro á ju egungun sí i, ọmọ ilé ìwé á bu búrẹ́dì fún un. Bí ọjà bá sì kó, kò sí ẹni tí yóò sọ fún ajá pé ibi báyìí ni a ń lọ.

Irú ajá bẹ́ẹ̀ ni ó bu ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan jẹ ní ẹsẹ̀ ní àdúgbò náà. Ọmọ náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ kejì, nítorí ó ń bẹ̀rù pé a ó nà án fún ibi tí ó ti lọ ṣeré. Nígbà tí ìyá rẹ̀, oníṣòwò ọmọ Yorùbá, rí ojú ọgbẹ́ náà, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, ó sì bẹ̀ mí lẹ́yìn náà kí n bá òun wá alájá. Ìsọ̀ mẹ́ta ni a dé. Ní ti àkọ́kọ́, wọ́n ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, àwa kò ra ajá o, ó kàn ń sùn síbí ni.” Ní èkejì, wọ́n ní egungun lásán ni àwọn ń jù fún un. Bàbá káfíńtà tí ó wà ní ìsọ̀ kẹta ní òun bá ajá níbẹ̀ ni. Nígbà tí ó ń ṣọ́ pákó lóru, ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Nígbà tí ó bu ọmọ jẹ, ó di ajá ìjọba. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ó gba abẹ́rẹ́ rí.

Nítorí àrùn dìgbòlugi ni ìdáhùn náà fi ṣe pàtàkì. Inú itọ́ ẹranko tí ó ní in ni kòkòrò àrùn náà ń gbé. Bí ó bá gba ojú ọgbẹ́ wọlé, yóò máa tọ iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì lè gba oṣù. Ní gbogbo àkókò yìí, ara ọmọ yóò dá ṣáṣá, àwọn òbí yóò sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n bí àmì bá ti hàn, tí aláìsàn kò lè gbé omi mì mọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tí ó yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún, èyí tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà àti Éṣíà, ajá ni ó sì ń kó o ran èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Nínú 100 ènìyàn tí ẹranko tí a fura sí bù jẹ, bí 40 ni kò tí ì pé ọmọ ọdún 15. Kíláàsì wa ni wọ́n jókòó sí.

Kí olùkọ́ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó wo aago, kí ó sì mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a má fi ata tàbí ewé sí i. Láti ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, tí Louis Pasteur mú kí a fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní abẹ́rẹ́ ní Paris, ni a ti mọ̀ pé a lè ṣíwájú àrùn yìí bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Kí a má sì pa ajá náà bí a bá lè so ó mọ́lẹ̀ láìléwu. Bí dìgbòlugi bá wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bu ènìyàn jẹ, àìsàn yóò hàn lára rẹ̀ tàbí yóò kú kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Ní àwọn ibi tí a ti ń jẹ ẹran ajá, bí àwọn kan ti ń ṣe ní Ghana àti ní Oǹdó lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó sáré tà á fún alápatà ti ba ẹ̀rí jẹ́, ó sì ti fi alápatà sínú ewu. Ajá Anloga Junction yìí, a so ó. Ara rẹ̀ dá títí ọjọ́ kẹwàá fi kọjá, ọmọ náà sì yè.

Ẹni tí mo ń pè ní alájá, nígbà náà, ni ẹni tí ó lè fi ìwé abẹ́rẹ́ hàn. Ọmọ ajá ń gbà á ní oṣù mẹ́ta, a sì ń tún un gbà bí oníṣègùn ẹranko bá ti wí, lọ́dọọdún ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí 70 nínú 100 ajá ìlú kan bá gbà á, àrùn kò ní rí ọ̀nà tàn kálẹ̀. Àwọn kan ní kí a kúkú pa gbogbo ajá ìgboro. A ti dán an wò ní ọ̀pọ̀ ìlú, kò sì mú dìgbòlugi kúrò: ajá mìíràn ń wá gba àyè àwọn tí ó kú, àwọn tí a ti fún lábẹ́rẹ́ á sì bá a lọ.

Títẹ ajá lọ́dàá ni àwọn ènìyàn ń bá mi jiyàn lé lórí jù. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Oyún ajá jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 63, abo sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí ó bá ń bí mẹ́rin mẹ́rin, 40 ni ní ọdún márùn-ún, láìka ti àwọn abo ọmọ rẹ̀. Ilé mélòó ni ó ń wá ajá 40? Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn baba wa ń tẹ òbúkọ lọ́dàá. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé oníṣègùn ẹranko ń fi oògùn kun ajá lóorun kí ó tó mú ọ̀bẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé. Abo tí a yọ ilé-ọmọ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àrùn tí ń mú kí ọyún kún inú rẹ̀. Akọ kò ní máa tẹ̀lé abo ká ojú títì bí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kò ní lè ṣọ́lé mọ́. Ṣùgbọ́n etí àti imú ni ajá fi ń ṣọ́lé. KNUST ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko, ẹni tí ó wà ní Anloga Junction kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí ẹni bi léèrè.

Ó ku ti ajá gbàtọ́. Ní ọdún 1860, Mary Tealby dá ilé kan sílẹ̀ ní Holloway ní London fún àwọn ajá tí kò nílé. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ilé náà kó lọ sí Battersea ní ọdún 1871, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ẹni tí ó gba ajá àgbà tọ́ ti mọ ìwà rẹ̀ kí ó tó mú un relé, èyí tí ẹni tí ó ra ọmọ ajá kò lè mọ̀. Kí ó kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn fún abẹ́rẹ́ àti oògùn aràn, kí ó má sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé ní àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Èmi kò sọ pé kí Mùsùlùmí gbé e wọ yàrá. Ajá ìṣọ́lé lè ní ibùgbé tirẹ̀ níta. Ajá àwọn ará inú ihò tí Súrátù Kahf sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni òun náà wà.

Bàbá káfíńtà ìsọ̀ kẹta ni ó gba ajá tí a so yẹn tọ́, tí ó mú un lọ tẹ̀ lọ́dàá, tí ó sì fi awọ sí i lọ́rùn. Nísinsìnyí, bí ó bá gbé ẹran ẹlẹ́ran, ọ̀dọ̀ bàbá náà ni wọ́n ń wá, ó sì ń san owó rẹ̀.

Ní ti àwa akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹni tí yóò padà sí Tógò tàbí Nàìjíríà ní ìparí ọdún yìí má ṣe gba ajá kankan, àfi bí ó bá ti rí ẹni tí yóò fi í lé lọ́wọ́, tàbí tí ó ti ń tọ́jú ìwé abẹ́rẹ́ àti ìwé ìlera tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ibodè.