Bẹẹrẹ Ààfin àti Owó Ìgbìmọ̀ Ìlú

Láyé àtijọ́, koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo ààfin Ọ̀yọ́. Nígbà ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ará ìlú àti àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a máa ru koríko náà wá sí ààfin, kí a lè fi tún òrùlé ṣe. Ayẹyẹ ni, iṣẹ́ ìlú sì ni pẹ̀lú.

Nígbà tí páànù gba ipò bẹẹrẹ, ẹrù náà kúrò lórí ará ìlú. Ṣùgbọ́n òjò kò dẹ́kun àti máa jẹ ògiri. Ta ni yóò wá máa tún un ṣe? Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fi ọ̀nà, gọ́tà àti ọjà sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kò dárúkọ ààfin. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ni ó pín Ọ̀yọ́, méjì ni ó pín Ògbómọ̀ṣọ́. Bí èkínní bá ń wo ojú èkejì, ògiri yóò wó níṣojú gbogbo wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ohun àjogúnbá, bí àwọn baba wa ti ń ru bẹẹrẹ. Gọ́tà tí ó bàjẹ́ ṣeé tún là. Ògiri àtijọ́ tí ó bá wó, tuntun ni a ó mọ, kì í ṣe ti àwọn baba wa mọ́.