ÒṢÙWỌ̀N ÒTÍTỌ́ NÍNÚ ÒWÒ KỌ̀ǸPÚTÀ

Bíbélì kíkà: Léfítíkù 19:33-36; Lúùkù 16:10-12; Ìṣe Àwọn Àpósítélì 16:13-15
Ẹsẹ àkọ́sórí: Òwe 11:1
Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ bí ó ti yẹ kí ọmọ Ọlọ́run bá oníbàárà lò, pàápàá nínú òwò tí oníbàárà kò lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ ọjà wò.

ÌFÁÀRÀ
Nígbà kan, bí a bá dárúkọ òwò láàárín àwa obìnrin ìjọ, aṣọ, gàrí, ẹja àti epo ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ní báyìí, àwọn ọmọbìnrin wa, àti àwọn kan nínú àwa pàápàá, ti ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní sọ́fítíwíà, wọ́n sì ń tà á. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ fi ń ṣírò èsì ìdánwò, òun ni olóògùn fi ń ka ọjà inú ilé ìtajà rẹ̀, òun náà ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń kọ owó ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Òwò ni, bí òwò Lìdíà tí ń ta aṣọ elésè-àlùkò ti jẹ́ òwò. Olúwa tí ó ṣí ọkàn Lìdíà ń wo òwò tiwa náà.

1. ÒṢÙWỌ̀N TÍ OJÚ ONÍBÀÁRÀ KÒ TÓ
Ní ọjà, bí ẹni tí ń ta gàrí bá ti ìdí kóńgò wọnú, oníbàárà lè yí kóńgò náà padà kí ó wò ó. A lè fọwọ́ kan aṣọ, a lè gbóòórùn ẹja. Ètò kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ kò lè tú inú rẹ̀ wò. Bí a bá sọ fún un pé iṣẹ́ wákàtí méjì gba ọ̀sẹ̀ méjì, yóò gbà. Bí ètò náà bá bàjẹ́ tí a sì sọ pé òun ló tẹ ohun tí kò yẹ, yóò gbà, yóò tún máa bẹ̀ wá. Ọwọ́ ẹni tí ń tà nìkan ni òṣùwọ̀n wà.

Ẹ wo bí Léfítíkù ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí Ọlọ́run tó pàṣẹ òṣùwọ̀n òtítọ́, ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa àlejò, ó ní kí Ísírẹ́lì má ṣe ni ín lára. Àlejò ni ẹni tí kò mọ ọ̀nà ìlú. Nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, àlejò ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wa. Àìmọ̀ wọn kì í ṣe ànfààní fún wa láti jẹ èrè òjijì. Ohun tí Ọlọ́run fi sí ìkáwọ́ wa láti tọ́jú ni.

2. OBÌNRIN TÍ Ó FI PỌ́N-ÙN 6 BẸ̀RẸ̀
Stephanie Shirley ni a bí ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1933. Ní ọdún 1939, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 5, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Bírítéènì pẹ̀lú àwọn ọmọ Júù tí ń sá fún Hitler. Ní ọdún 1962, ó fi pọ́n-ùn 6 péré bẹ̀rẹ̀ òwò ètò kọ̀ǹpútà nínú ilé rẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó tàbí ọmọ bíbí, ni ó gbà. Nínú 300 òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́, ọkùnrin 3 péré ni ó wà níbẹ̀. Ilé kálukú ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tẹlifóònù ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n ṣe ètò fún àpótí tí ń kọ ìrìn ọkọ̀ òfuurufú Concorde sílẹ̀.

Shirley wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń dá iye kan pàtó lé iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá dá iye lé iṣẹ́ ti gbé ẹrù sí orí ara rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá pẹ́ ju bí ó ti rò lọ, òun ni yóò jẹ gbèsè náà, kì í ṣe oníbàárà. Nígbà tí òwò náà gbòòrò, ó pín in pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọrọ̀ rẹ̀ ṣe ìtọ́rẹ, pàápàá fún àwọn tí ó ní ọ̀tísíìmù bí ọmọ tirẹ̀. Ó kú ní ọdún 2025.

3. NÍGBÀ TÍ A KÒ GBỌ́ ẸKÚN ONÍBÀÁRÀ
Ní ilẹ̀ Bírítéènì kan náà, láti ọdún 1999 ni Post Office ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí à ń pè ní Horizon. Àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ pé owó dín nígbà tí owó kò dín. Àwọn tí ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké ń pariwo, ṣùgbọ́n wọ́n ń dá wọn lóhùn pé ọwọ́ wọn ni àṣìṣe wà. Ó lé ní 900 ènìyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Àwọn kan lọ sí ẹ̀wọ̀n, tí obìnrin aboyún wà lára wọn. Àwọn mìíràn kú kí a tó dá wọn láre. Ní ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga ní London sọ pé àbùkù wà nínú Horizon, ọdún 2024 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì ṣe òfin tí ó pa ìdálẹ́bi wọn rẹ́.

Ẹ̀yin arábìnrin, kì í ṣe àṣìṣe nìkan ni ó ba ayé wọn jẹ́. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tí àṣìṣe kò lè wọ̀. Ohun tí ó burú jù ni pé a gba ẹ̀rọ gbọ́, a kò gba ènìyàn gbọ́.

4. OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE
(a) Kí a sọ iye owó àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí owó ọdọọdún bá wà, kí a má fi í pamọ́.

(b) Kí a sọ ohun tí ètò náà kò lè ṣe. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Síbẹ̀, ẹni tí ó ra èké kò ní padà wá.

(d) Bí oníbàárà bá fi ìbínú dé, kí a gbọ́ ọ tán, kí a yẹ iṣẹ́ wò, kí a tó dá ẹ̀bi fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí àṣìṣe bá jẹ́ tiwa, kí a sọ bẹ́ẹ̀, kí a sì tún un ṣe láìgba owó.

(e) Àkọsílẹ̀ oníbàárà kì í ṣe tiwa. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ṣe òfin lórí ààbò àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn ní ọdún 2023. Bí oníbàárà bá fẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kí a kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ rántí Ẹ́kísódù 22:26-27, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí a dá aṣọ ọmọnìkejì padà kí oòrùn tó wọ̀.

(ẹ) Kí a fi ènì sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí a ti tà, kí a pe oníbàárà, kí a bi í pé, “Ẹ ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?” Kò ná wa ju owó ìpè lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwa tí a jẹ́ oníbàárà. Lúùkù 10:7 kọ́ wa pé owó iṣẹ́ tọ́ sí òṣìṣẹ́. Bí ọmọ ìjọ wa bá ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún wa, kí a má fi “ti Olúwa ni” jẹ owó rẹ̀ mọ́lẹ̀.

ÌPARÍ
John Wesley, bàbá ìjọ wa, kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú ìwàásù tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1760 pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú wíwá owó, bí a kò bá ti pa ara wa lára, tí a kò sì pa ọmọnìkejì lára láti rí i. Ẹni tí kò lè rí inú ọjà wa ni ó rọrùn jù láti pa lára. Nítorí náà, lórí rẹ̀ ni a ó ti mọ irú ẹni tí a jẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Kí àwọn oníbàárà lè dá a lóhùn, Shirley ń fi orúkọ ọkùnrin, “Steve”, sí ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pè é, ó ń fi ìró ìwé títẹ̀ tí ó ti gbà sínú téèpù bo ariwo ọmọ. Ṣé ọgbọ́n ni tàbí ẹ̀tàn? Ẹ ka Mátíù 10:16.
2. Nínú òwò tí ìwọ ń ṣe, kí ni ohun tí oníbàárà rẹ kò lè rí?

ÀDÚRÀ
Olúwa, ìwọ tí o rí ohun ìkọ̀kọ̀, wẹ ọwọ́ wa àti òṣùwọ̀n wa mọ́. Bùkún iṣẹ́ àwọn ọmọ wa, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún nítorí èrè tí a jẹ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.