Ọdún Mẹ́ta Yẹn Kò Ṣòfò

Ìbéèrè: Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí, ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo. Mo parí ọdún kẹta ní fásitì kí bàbá mi tó kú tí owó sì dá. Ìgbéga mi ti dúró sójú kan, àwọn ọmọ mi kò sì mọ̀ pé mi ò gboyè. Ṣé kò ti pẹ́ jù? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ẹ kú àfaradà, Ìyá Ìbejì. Kò pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra fọ́ọ̀mù kankan. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbà yọjú sí ilé ìwé àtijọ́. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun bí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Ẹ wá nọ́ńbà matric yín, ì báà jẹ́ lára rìsíìtì owó ilé ìwé tó ti ń pọ́n, kí ẹ sì kọ̀wé béèrè transcript lọ́dọ̀ rẹ́jísírà. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí gbogbo kọ́ọ̀sì tí ẹ ṣe àti máàkì tí ẹ gbà. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tó kàn dáwọ́ dúró, àbí ẹni tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Mi ò ní tàn yín. Ní ọ̀pọ̀ fásitì wa, ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin kì í kọjá ọdún mẹ́fà, nítorí náà wọ́n lè má gbà yín padà. Síbẹ̀, ẹ mú transcript náà dání. Ilé ìwé tuntun ló máa pinnu kọ́ọ̀sì tó máa gbà lọ́wọ́ yín, kò sì lè gba ohun tí kò rí.

NOUN, fásitì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kàwé láti ọ̀nà jíjìn, ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó tún ń tọ́mọ. Wọ́n ní ibùdó l'Óṣogbo. Wọn kì í béèrè ìdánwò JAMB; kírẹ́díìtì márùn-ún ní WAEC tàbí NECO, ní ìjókòó kan tàbí méjì, ni wọ́n fẹ́. Ẹ lè ka ìwé wọn lórí fóònù ní kùtùkùtù kí ará ilé tó jí. Ọ̀rọ̀ àgùnbánirọ̀ kò kàn yín, ẹ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ níbi iṣẹ́, kí ẹ sì béèrè kọ́ọ̀sì tí wọ́n máa fi gbé yín ga. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú kékeré wo èyí: oyè tí òṣìṣẹ́ gbà láìgbàṣẹ lè di ìjà.

Àwọn kan lè sọ fún yín pé oyè ti Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin, yá jù. Ẹ sá! Lóṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan gboyè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ní Kútọnu. Àwọn tó kàwé gidi níbẹ̀ náà jìyà rẹ̀, ó sì dùn mí fún wọn.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ sọ òótọ́ fún wọn lọ́sẹ̀ yìí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá NOUN, àwọn gan-an ni yóò jókòó tì yín ní àwọn ìgbà àkọ́kọ́.