Bi Í Pé Ìlú Wo
Àbúrò mi, má bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé aago mélòó ló lù ní Amẹ́ríkà. Ìlú tó ń gbé ni kó o bèèrè. Ká tiẹ̀ yọ Alaska àti Hawaii kúrò, aago mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀ ńlá yẹn ń lò, torí pé ilẹ̀ ti máa ń mọ́ ní New York tipẹ́ kó tó mọ́ ní Los Angeles. Láyé àtijọ́, oòrùn orí ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣe aago tiwọn, àfìgbà tí èyí da ètò ọkọ̀ ojú irin rú, tí àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè fi pín ilẹ̀ náà lọ́dún 1883.

Nígbà òtútù wọn, aago Èkó máa ń fi wákàtí 6 ṣáájú ti New York, Atlanta àti Maryland. Ti Houston, Dallas àti Chicago jẹ́ 7, Denver 8, Los Angeles 9. (El Paso wà ní Texas bíi Houston o, àmọ́ aago Denver ló ń lò. Ẹ̀yin ẹ wò ó!)

Èyí tó o bá ní èèyàn sí ni kó o há sórí. Ká ní Houston ni. Tó o bá ní kó o kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ní aago méje àárọ̀ kó o tó lọ sọ́jà, òru gànjọ́ lo pè é yẹn, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé. Ìpè òru láti ilé máa ń já wọn láyà gan-an: kó tó gbé e, ó ti rò pé nǹkan ti ṣe Màmá. Tí kò bá sì gbé e, jọ̀ọ́, má sọ pé ó ti gbàgbé ilé.

Àwọn tó ń dúró di aago méjìlá òru kí wọ́n lè kọ́kọ́ kí ọlọ́jọ́ìbí ńkọ́? Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àná ṣì ni ní Houston!

Wọ́n tún máa ń ti aago síwájú ní Sọ́ńdè kejì oṣù Kẹta, wọ́n á dá a padà ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá. Tiwa kì í yí. Láàárín ìgbà yẹn, yọ wákàtí kan nínú iye tí mo kà. Houston á di 6. Wọn kì í ṣe é ní Phoenix, 8 ni tiwọn yípo ọdún.

Fi ìlú náà sínú aago fóònù rẹ, á máa bá ọ ṣírò rẹ̀. Tí wọ́n bá sì pè ọ́ sí ìkómọ orí Zoom ní aago mẹ́wàá, bèèrè pé aago ibo. Ní ti ará Los Angeles, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni kó o pè é: mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó ti jí, ẹ sì lè ṣòfófó dáadáa.